Wáyà díìsì tó nípọn kọ́ ló ń dáa o

Ẹ jọ̀ọ́, fọ́ìsì nóòtì tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp pé wáyà díìsì tó bá ṣáà ti nípọn ló dáa jù, irọ́ ni o. Rọ́bà ẹ̀yìn ẹ̀ lè nípọn kí inú ẹ̀ má já mọ́ nǹkan kan. Ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò: RG6 (orúkọ irú wáyà tó yẹ díìsì), 75 ohm (òṣùwọ̀n tó bá díìsì àti dikódà mu). RG59, irú wáyà mìíràn, náà 75 ohm ni lóòótọ́, àmọ́ síginà tó ń tinú LNB (ojú tó wà níwájú díìsì, tó ń gba síginà) bọ̀ lè ga tó 2150 MHz, tí wáyà bá wá gùn díẹ̀ báyìí, RG59 á ti jẹ púpọ̀ nínú ẹ̀ kó tó dé dikódà, àwòrán á wá máa já. Tí mágínẹ́ẹ̀tì bá mú wáyà àárín, irin tí wọ́n fi kọ́pà bò ni, kì í ṣe ayédèrú, àmọ́ tó bá jìnnà ẹ ra ojúlówó kọ́pà, torí irin kì í gbé iná dáadáa tó kọ́pà, iná 13 tàbí 18 volt tí dikódà ń fi ránṣẹ́ sí LNB lè ti dínkù kó tó débẹ̀.