Òkè ayọnáyèéfín kì í fìgbà gbogbo kìlọ̀ kó tó bú

"Kò séwu níbẹ̀ jàre. Tó bá fẹ́ bú, ilẹ̀ á kọ́kọ́ mì, wọ́n á sì ti lé gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀." Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń múra àtilọ wo òkè ayọnáyèéfín gbà gbọ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́ pátápátá, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó léwu.

Bí àpáta yíyọ́ bá ń gòkè bọ̀ láti abẹ́ ilẹ̀, ṣe ló máa ń fipá lànà fún ara rẹ̀: ilẹ̀ á máa mì léraléra, ara òkè á wú, gáàsì á pọ̀ sí i. Irú àmì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rí ní Pinatubo, ní Philippines, lọ́dún 1991, tí wọ́n fi tètè kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kúrò nítòsí.

Ṣùgbọ́n omi pẹ̀lú wà nínú òkè. Òjò tó rin wọlẹ̀ á lọ bá ooru nísàlẹ̀. Á gbóná gan-an, àmọ́ kò ní ráyè hó, torí àpáta ti dé e mọ́lẹ̀ bí ìkòkò tí wọ́n fi amọ̀ lẹ ọmọrí rẹ̀ pa. Bí ibì kan bá ya lára àpáta náà, omi á di oru lójijì, oru sì máa ń gba àyè ju omi lọ ní ìlọ́po tó lé ní 1,600. Á fọ́ àpáta yángá, á sì fi í sọ̀kò. Àpáta yíyọ́ lè má gòkè rárá, torí náà àmì tó máa ṣáájú rẹ̀ lè má tó nǹkan.

Ẹ wo Ontake ní Japan. Ọjọ́ Sátidé, 27 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2014 ni, àsìkò tí ewé igi ń pọ́n, èrò sì kún orí òkè. Ìpele ìkìlọ̀ 1 nínú 5, èyí tó kéré jù, ni wọ́n fi òkè náà sí, "déédéé" ni wọ́n sì kọ síwájú ìpele yẹn nígbà náà. Ní aago 11:41, ẹ̀rọ gbọ́ ìgbọ̀nrìrì. Ní 11:52, ó bú. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá! Ta ló lè fi ìyẹn sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè tó ga ju 3,000 mítà lọ? Èèyàn 58 kú, wọn ò sì rí èèyàn 5 mọ́. Òkúta tó ń já bọ́ ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n yọ "déédéé" kúrò pátápátá.

Ní Whakaari, erékùṣù tó jẹ́ òkè ayọnáyèéfín ní New Zealand, èèyàn 47 ló wà lórí erékùṣù náà nígbà tó bú lọ́jọ́ 9 oṣù Kejìlá, ọdún 2019. Èèyàn 22 ló bá a lọ nínú wọn, ilé ìwòsàn sì làwọn kan lára àwọn 22 náà kú sí. Oru àti eérú gbígbóná ló bò wọ́n. Láti 18 oṣù Kọkànlá ni wọ́n ti gbé òkè náà sí ìpele ìkìlọ̀ 2 ti ilẹ̀ wọn, ìyẹn ìpele tó ga jù fún òkè tí kò tíì bú, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń gbé èèyàn lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ ẹ bá máa lọ, ẹ má wulẹ̀ béèrè bóyá wọ́n ti kìlọ̀. Ẹ bi ẹni tó ń mú yín lọ pé: tó bá bú báyìí, ibo la máa sá wọ̀? Ẹ dé akoto. Ẹ má jókòó jẹun létí kòtò rẹ̀. Ẹ wò ó, kẹ́ ẹ tètè kúrò. Bí onítọ̀hún ò bá sì rí ibi ìsádi kankan tọ́ka sí, ẹ dúró lókèèrè wò ó.