Ẹ mọ iye ẹni tó ń rà kí ẹ tó sanwó ìpolówó

Ọ̀rọ̀ yìí ń ká mi lára, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń tajà lórí fóònù ní Abuja kà á dópin. Láti Kubwa dé Lugbe, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ló ń sanwó ìpolówó fún Facebook àti Instagram kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ọjà wọn ń tà. Ìpolówó kì í tajà. Èèyàn ló ń kó wá. Bí ẹni 100 bá béèrè ọjà yín tí kò sí ẹni tó rà, tí ẹ wá fi owó kún un, ẹni 1,000 ló máa béèrè tí wọn ò sì ní rà. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé nínú ẹni 100 tó kọ̀wé sí yín pé àwọn fẹ́ mọ̀ nípa ọjà, ẹni mélòó ló sanwó? Dátà àti ìwé àkọsílẹ̀ kan tó láti fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká fi òrí ṣe àpẹẹrẹ, torí Ìpínlẹ̀ Niger tó múlé gbè wá wà lára ibi tí òrí ti ń wá jù lórílẹ̀-èdè yìí. Ká ní ẹ ń ta ike kan ní ₦4,500. Òrí inú rẹ̀, ike náà àti bébà ara rẹ̀ jẹ́ ₦2,700. Èrè tó kù jẹ́ ₦1,800, bó bá jẹ́ pé oníbàárà ló ń san owó dispatch, ìyẹn owó àtigbé ọjà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ká wá ní ẹni 4 ló rà nínú ẹni 100 tó béèrè. Èrè gbogbo wọn jẹ́ ₦7,200. Ẹ pín in fún ẹni 100, ó di ₦72 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tó bá ti ju ₦72 lọ tí ìpolówó fi ń mú ẹnì kan wá sórí WhatsApp yín, ẹ ti ń pàdánù nìyẹn. Ká ní Facebook ń gba ₦150 lórí ẹnì kan. VAT ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún tún wà tí wọ́n ń gbà lórí ìpolówó ní Nàìjíríà, ₦150 á di ₦161.25. Gbogbo ẹni tó bá kọ "ẹ káàárọ̀, èló ni?" yóò máa gbé nǹkan bí ₦89 lọ lọ́wọ́ yín. Kí ìpolówó yẹn tó lè gbé owó ara rẹ̀, ẹni 9 ló gbọ́dọ̀ rà nínú ẹni 100.

Ẹ ṣe ìṣirò yìí lórí ọjà tiyín kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ó máa ń yà mí lẹ́nu bí àwọn tó ń ṣọ́ owó dispatch títí dé ₦100 ṣe ń jẹ́ kí owó ìpolówó lọ láìkà á.

Ẹ má fi ẹgbẹ́ ọmọ ìlú dán ọjà wò o, ẹ má fi ìjọ tàbí àwọn tó ń wo status yín náà dán an wò. Wọ́n á rà torí pé wọ́n mọ̀ yín, wọ́n á tiẹ̀ tún gbàdúrà fún yín. Owó wọn dára, ẹ gbà á, àmọ́ ẹ má kà wọ́n mọ́ ìdánwò yìí, torí àjèjì ni ìpolówó máa kó wá bá yín. Àjèjì tí kò ní gba owó lọ́wọ́ yín wà káàkiri. Facebook Marketplace kò gba kọ́bọ̀ láti gbé ọjà sí i. Jiji, ìkànnì tí èèyàn ti ń tajà, náà ní àyè ọ̀fẹ́. Ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn ará ẹstéètì wà ní Gwarinpa, Lokogoma àti Apo; ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń darí ẹgbẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á yọ yín lọ́jọ́ kan náà. Fún àwọn tí kò sí lórí èyíkéyìí nínú wọn, ẹ tẹ ìwé ìléwọ́ 200, kí ẹ fi lé èèyàn lọ́wọ́ ní àbáwọlé ọjà Wuse tàbí ní Federal Secretariat nígbà tí òṣìṣẹ́ ń jáde lọ́sàn-án. Ọwọ́ ni kí ẹ fi í lé, ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Kí ẹ lè mọ ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti wá, ẹ ṣe líǹkì WhatsApp tó ní ọ̀rọ̀ nínú. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wa.me/ tí nọ́ńbà yín tẹ̀lé: 234 ló ṣáájú, kò sí àmì ìròpọ̀, ẹ sì yọ 0 iwájú nọ́ńbà kúrò. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí. Wọ́n á fi 0 sílẹ̀, líǹkì á kú, wọ́n á sì rò pé ọjà ni kò wu èèyàn. Lẹ́yìn nọ́ńbà, ẹ kọ ?text= kí ẹ wá kọ gbólóhùn tí oníbàárà máa bá nínú àpótí ọ̀rọ̀, kí %20 sì dúró fún àlàfo láàárín ọ̀rọ̀ méjì. Líǹkì ti Marketplace á sọ pé "Mo rí òrí yín ní Marketplace", ti ẹstéètì á sọ tirẹ̀, ti ìwé ìléwọ́ á di àwòrán QR tí èèyàn máa fi kámẹ́rà wò. Àwọn kan á pa gbólóhùn náà rẹ́, wọ́n á kọ tiwọn. Ẹ bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti rí yín.

Ìwé àkọsílẹ̀ yín, ẹ fa ilà sí i: ọjọ́, ibi tó ti rí wa, àdúgbò tó ń gbé, ó béèrè iye, ó béèrè nọ́ńbà ákáǹtì, owó wọlé, ọjà dé ọwọ́ rẹ̀. WhatsApp Business náà ní label tí ẹ lè lẹ̀ mọ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ìwé ló dára jù láti fi ka iye. Ẹni tó ní "màá padà wá" kò tíì rà. Ẹni tó ní òun máa sanwó nígbà tí ọjà bá dé náà kò tíì rà. Ìgbà tí owó bá wọlé ni kí ẹ tó kà á. Like àti "wow, ó rẹwà" kò ní ilà kankan nínú ìwé yìí.

Àǹfààní ìwé náà ni pé ó ń fi ibi tí oníbàárà ti ń jò lọ hàn yín. Bí púpọ̀ nínú wọn bá dákẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n gbọ́ iye, ẹ kọ iye sára àwòrán láti ìbẹ̀rẹ̀. Àṣà "ẹ wá inbox fún iye" yìí ló ń ba ìṣirò jẹ́ jù lọ, torí ó ń kó ẹni tí kò lówó rẹ̀ wá jẹ àkókò yín. Ẹni tó ń béèrè á dín kù, ìdá tó ń rà á sì ga. Bí wọ́n bá dákẹ́ lẹ́yìn owó dispatch, ẹ wo ilà àdúgbò. Ìpolówó tí ẹ bá ní kó yí Abuja ká lè dé ọ̀dọ̀ ará Mararaba tó wà ní Ìpínlẹ̀ Nasarawa àti ará Suleja tó wà ní Ìpínlẹ̀ Niger, owó àtigbé ike òrí kan dé ọ̀hún sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó òrí fúnra rẹ̀. Ohun tí mo gbà pé ó tọ́ ni kí ẹ dán ike mẹ́ta pọ̀ wò. Ike mẹ́ta ní ₦12,900, ẹ yọ ₦8,100 tó ná yín, èrè di ₦4,800. Bó bá ṣe ẹni 4 náà ló rà nínú 100, ₦72 àná ti di ₦192, ìpolówó ₦161.25 á sì gbé owó ara rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ yí àwòrán kankan padà.

Bí wọ́n bá gba nọ́ńbà ákáǹtì tí wọn ò sanwó, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Orúkọ ilé ìtajà yín ń sọ nǹkan kan, orúkọ orí ákáǹtì ń sọ nǹkan mìíràn, èèyàn Abuja tí wọ́n ti lù ní jìbìtì rí kò ní fi owó ránṣẹ́. Ẹ forúkọ òwò sílẹ̀ ní CAC, kí ẹ fi orúkọ náà ṣí ákáǹtì. Kó tó dìgbà náà, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń gbé nítòsí yín nìkan sanwó nígbà tí ọjà bá dé, torí bí ẹni tó wà ní Kuje bá ní òun ò fẹ́ mọ́, àlọ àti àbọ̀ dispatch ọrùn yín ni.

Ohun mìíràn tó ń ba ìdánwò jẹ́ ni ìdáhùn tó pẹ́. Ẹni tó kọ̀wé láago 10 tí ẹ dáhùn láago 3 ti ra tirẹ̀ níbòmíràn. Ẹ fi àmì sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ má kà á mọ́ àwọn tó kọ ọjà.

Ìlú òṣìṣẹ́ ìjọba ni ibí. Bí ẹ bá dán an wò láti ọjọ́ 25 sí ìparí oṣù nìkan, owó oṣù ló ń bá yín tà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kí ẹ fi ṣe é, kí ọ̀kan bọ́ sí àárín oṣù. Òrí tún ní àsìkò tirẹ̀: ìdá tí ẹ rí nígbà ọyẹ́ kò ní dúró dè yín nínú òjò oṣù keje. Ìparí oṣù Kejìlá sì rèé, ìlú á ṣófo, olúkúlùkù á ti gba ilé lọ.

Nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Bó bá jẹ́ iye ni, kí àwòrán dúró. Èyí tí mo fẹ́ kí gbogbo yín gbìyànjú ni kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan náà ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Haúsá, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní líǹkì tirẹ̀. Bí ẹni 4 bá rà nínú 25 lápá kan tí ẹni 2 sì rà nínú 25 lápá kejì, ẹ má tíì yọ̀, ó lè jẹ́ orí ire lásán. Ẹ kó ẹni sí i.

Ìgbà wo ni kí ẹ wá gbà pé ọjà kò tà? Àwọn oníṣirò ní ọ̀nà kékeré kan tó wúlò gan-an. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni tó rà, ẹ fi iye ẹni tó béèrè pín 300; ohun tí ẹ bá rí ni ìdá tó ga jù nínú ọgọ́rùn-ún tó ṣì ṣeé ṣe kó máa rà. Ẹni 30 béèrè, kò sí ẹni tó rà: 300 pín sí 30 jẹ́ 10. Ó ṣì lè jẹ́ pé ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ló máa rà lẹ́yìn ọ̀la, ẹ má tíì sá. Ẹni 75 béèrè, kò sí ẹni tó rà: ó ṣòro kó ju 4 lọ. Òrí ike kan wa yìí ń wá ẹni 9 nínú 100. Nítorí náà bí ẹni 34 bá ti béèrè láìsí ẹyọ ẹnì kan tó rà, ẹ yí iye tàbí ọjà padà.

Àwọn kan á ní, "₦5,000 péré ni, ẹ jẹ́ kí n fi ìpolówó dán an wò." Mi ò gbà. Facebook fúnra rẹ̀ ní kí ìpolówó kan rí nǹkan bí ohun 50 tí ẹ ń wá láàárín ọ̀sẹ̀ kan kó tó jáde nínú àsìkò tó fi ń kọ́ ẹni tó yẹ kó fi hàn. Bó bá jẹ́ ẹni tó kọ̀wé lẹ ń wá, 50 lọ́nà ₦161.25 ju ₦8,000 lọ. Bó bá jẹ́ ẹni tó rà, ẹ fúnra yín ẹ ṣírò rẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn, iye tí ẹ ń san á máa gòkè sọ̀kalẹ̀, ẹ ò sì ní mọ̀ bóyá ìpolówó ló burú ni àbí iye ọjà.

Bí ìdá yín bá ti dúró láàárín àjèjì, ẹ pín in sí méjì kí ẹ tó fi ṣírò owó ìpolówó. Ẹni tó wà ní Marketplace ń wá ọjà. Ẹni tí ìpolówó bá lójijì ń wo àwòrán ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Bí ẹni 8 bá ra ike mẹ́ta nínú 100 lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ kà á sí 4, ìyẹn ₦192. Ìgbà yẹn ni kí ẹ sanwó. Ẹ yan ìpolówó tó ń kó èèyàn wá sí WhatsApp, kì í ṣe èyí tó ń kó like. Ẹ fi ààlà owó sórí ákáǹtì ìpolówó náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ká ní ₦8,500, kí ẹ ṣí ojú ewé tuntun nínú ìwé yín, kí ìpolówó náà ní líǹkì tirẹ̀ níbẹ̀.