Máìkì tó máa gbọ́ ẹnu yín ju àdúgbò lọ ni kí ẹ rà

Èrò ọkàn mi rèé, ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti gbogbo ẹni tó ń gbé ilé onípáànù: tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lẹ fẹ́ máa gbà sílẹ̀ nílé, tí owó ọwọ́ yín ò sì pọ̀, ẹ fi condenser sílẹ̀, ìyẹn irú máìkì tó ń fi iná ṣiṣẹ́ tó sì ń gbọ́ gbogbo nǹkan; dynamic, irú kejì tí kò fẹ́ iná, ni kí ẹ wá. Mo mọ̀ pé òun làwọn ontàjà orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbé síwájú. Ó rẹwà nínú fọ́tò, irin gígùn gbé e dúró, fóòmù dúdú wà lórí rẹ̀, ẹni tó bá rí i á rò pé ilé iṣẹ́ rédíò ti wọ yàrá òun. Ṣùgbọ́n yàrá tó dákẹ́ rọ́rọ́ ni irú rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ta ló ní irú yàrá bẹ́ẹ̀ nínú wa?

Ọ̀rọ̀ yìí jẹ mí lọ́kàn gan-an. Àwọn tó ń bi mí léèrè ń pọ̀ sí i: ọmọ LAUTECH ní Under-G tó fẹ́ máa fi Yorùbá ṣàlàyé iṣẹ́ tó ń kọ́, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì tó fẹ́ máa sọ ìtàn ìlú Ajílété fáwọn ọmọdé, ìyá tó fẹ́ máa pa àlọ́ ránṣẹ́ sáwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lókè òkun. Iṣẹ́ ribiribi ni gbogbo wọn dáwọ́ lé. Ó máa ń dùn mí bí mo bá gbọ́ ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bí nǹkan wọ̀nyí ṣe ń ṣiṣẹ́. Nínú condenser, àwo méjì ló dojú kọ ara wọn, iná sì wà láàárín wọn. Ọ̀kan nínú wọn fúyẹ́ débi pé mímí ẹnu lásán lè mì ín. Ìdí nìyẹn tó fi ń gbọ́ nǹkan kínníkínní, bí ẹni tó jókòó sílé rẹ̀ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé keje: fáànù, ẹ̀rọ ata, àkùkọ, ọ̀kadà tó ń gun òkè. Èyí tó lo XLR, wáyà ńlá tí ẹnu rẹ̀ ní irin mẹ́ta, sì sábà máa ń béèrè iná 48 volts. Irú BM-800 tó gba ìgboro kan, wáyà kékeré tí wọ́n fi sínú páálí rẹ̀ kò lè gbé iná tó bẹ́ẹ̀ fún un láti ara fóònù, ohùn á kéré, á sì máa hó ṣáà lábẹ́.

Dynamic ò fẹ́ iná kankan. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n wé róbótó ló so mọ́ awọ inú rẹ̀, mágínẹ́ẹ̀tì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ, bí ohùn bá ti ń mi wáyà yẹn ni iná díẹ̀ ń jáde. Kò ní idán nínú o. Bí ẹ bá gbé dynamic jìnnà sẹ́nu, tẹ́ ẹ wá fi ohùn rẹ̀ sókè, àdúgbò á bá a wọlé ni. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé ó gbà kí ẹnu súnmọ́ òun pẹ́kípẹ́kí láìṣe pé ohùn fọ́. Ìsúnmọ́ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé. Bí ẹ bá dín àyè tó wà láàárín ẹnu yín àti máìkì kù sí ìdajì, ohùn yín á fi nǹkan bí 6 dB (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára ohùn) lọ sókè, ariwo yàrá á sì wà níbi tó wà. Kò sí owó tẹ́ ẹ lè ná tó tó ìyẹn. Ìka mẹ́rin sẹ́nu ti tó, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ tó ń jáde nínú “fẹ́” àti “bọ́” má baà kọlù ú tààrà.

Èyí tí mo máa ń júwe fún ẹni tó ní kọ̀ǹpútà ni dynamic oní-USB: Samson Q2U tàbí FIFINE AM8. Wáyà USB kan ti tó wọn, wọ́n sì ní ojú XLR fún ọjọ́ tí owó bá dé. Máìkì ṣọ́ọ̀ṣì, irú SM58 tí Shure ti ń ṣe láti 1966, dára gan-an fún ọ̀rọ̀ sísọ, ṣùgbọ́n ẹ máa nílò audio interface, ẹ̀rọ kékeré tó ń so máìkì mọ́ kọ̀ǹpútà, kó tó bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, ayédèrú rẹ̀ sì pọ̀ lọ́jà.

Ti àwọn àgbà yàtọ̀, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ bá mi dé. Ẹ ò lè ní kí ìyá àgbà gbé ẹnu sójú kan fún wákàtí kan. Wọ́n á yíjú, wọ́n á na ọwọ́, wọ́n á fi ẹ̀rín sí i. Máìkì àyà ló yẹ wọ́n, irú Boya BY-M1, tí wáyà rẹ̀ gùn tó mítà 6. Ẹ fi há ọrùn bùbá wọn, ní nǹkan bí ìbú ọwọ́ kan sí àgbọ̀n, kí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn má lè kàn án. Ìlẹ̀kẹ̀ tó bá ń ha máìkì, ká-ká-ká, kò ṣe é yọ kúrò nínú ọ̀rọ̀ mọ́. Wáyà náà, ẹ tì í bọ abẹ́ ìborùn. Bọ́tìnì ara rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí apá fóònù tó bá jẹ́ fóònù lẹ fẹ́ lò.

Àwọn kékeré aláìníwáyà tí wọ́n ń tà káàkiri náà wúlò, ṣùgbọ́n ẹ pa bọ́tìnì tó ń pa ariwo rẹ́. Ohùn wa máa ń rẹlẹ̀ bí gbólóhùn bá ń parí lọ, bọ́tìnì yẹn á rò pé ariwo ni, á gé ìparí ọ̀rọ̀ jẹ. Ẹni tó ń ki oríkì, orúkọ tó gbẹ̀yìn ìlà á pòórá.

Ní ti yàrá, ẹ fi aṣọ ká a. Bẹ́ẹ̀dì, kọ́tìnì tó nípọn, aṣọ ìbora tẹ́ ẹ ta lẹ́yìn yín, wọ́dírọ́ọ̀bù tó ṣí sílẹ̀ tí aṣọ kún inú rẹ̀, gbogbo wọn ń mu ohùn kó má baà ta padà lára ògiri. Ẹ pa fáànù. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sórí páànù, ẹ dúró, kò sí máìkì tó lè gbà yín níbẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà àti íápíìsì yín dání lọ sọ́jà Tààkì tàbí ibikíbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ rà á. Ariwo ọjà gan-an ló máa dán an wò fún yín. Ẹ sọ̀rọ̀ sí i láti ibi tó jìnnà tó gígùn apá kan, kí ẹ tún sọ ọ́ láti ìka mẹ́rin, kẹ́ ẹ wá fetí sí méjèèjì níbẹ̀. Ontàjà tó bá ní ẹ ò gbọdọ̀ tú páálí kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.