Ẹ Gbé Àṣekágbá BAL Lọ sí Ìlú Àwọn Tó Ń Gbá A

Àṣekágbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n méjì ló wáyé ní oṣù kẹfà ọdún 2025, NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n Amẹ́ríkà, ló sì lọ́wọ́ nínú méjèèjì. Ní Amẹ́ríkà, Oklahoma City àti Indiana bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní ọjọ́ 5 oṣù náà, ọjọ́ 22 ni wọ́n tó parí ẹ̀, lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 7. Ní Pretoria, lórílẹ̀-èdè South Africa, Al Ahli Tripoli ti Libya àti Petro de Luanda ti Angola kojú ara wọn ní ọjọ́ 14 nínú àṣekágbá Basketball Africa League (BAL), líìgì àwọn ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n Áfíríkà. Ìṣẹ́jú 40 ni wọ́n fi gbá a. Al Ahli na Petro ní 88 sí 67, wọ́n gbé ife fún wọn, ó parí.

Ife náà tọ́ sí Al Ahli, a ò bá wọn jà. Ohun tí à ń sọ ni pé ó ti tó àkókò kí BAL jáwọ́ nínú àṣekágbá ọjọ́ kan. Kí ẹgbẹ́ méjì tó bá kù gbá a lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹni tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mejì gba ife. Kí wọ́n sì gbá méjì àkọ́kọ́ nílé, ọ̀kan ní ìlú tibí, ọ̀kan ní ìlú tọ̀hún.

Gbogbo ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù yìí ló mọ ohun tí ọjọ́ kan lè fà. Eré ò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́fà, rẹfirí ti fọn fèrè ẹ̀ṣẹ̀ lé àgbà agbábọ́ọ̀lù yín lórí lẹ́ẹ̀mejì. Akọ́nimọ̀ọ́gbá á ní kó lọ jókòó ná, kó má baà dá ẹ̀ṣẹ̀ ìkarùn-ún, èyí tí òfin fi ń lé èèyàn jáde pátápátá. Kó tó padà wọlé, ẹgbẹ́ kejì ti fi àmì ayò 15 síwájú. Ẹlòmíì wà tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù tó ń jù wọlé lánàá, etí irin ló ń bà lónìí. Tí ọ̀la bá wà, akọ́nimọ̀ọ́gbá á tún ètò ṣe. Ní BAL, ọ̀la kò sí.

Ẹ tún wo ti Amẹ́ríkà yẹn. Indiana ló borí ní ọjọ́ àkọ́kọ́, 111 sí 110, nínú ilé Oklahoma City. Ó ku ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan kí eré parí nígbà tí Tyrese Haliburton ju bọ́ọ̀lù tó fi gbà á. Ká ní bí BAL ṣe ń ṣe ni NBA náà ń ṣe, Indiana ni ì bá gba ife lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Oklahoma City ló gbà á nígbẹ̀yìn. Bí NBA bá mọ̀ pé ọjọ́ kan ò tó fún tiwọn, kí ló dé tó fi tó fún tiwa?

Ọ̀rọ̀ àwọn alátìlẹ́yìn ló dùn wá jù. Láti 2021 sí 2024, Kigali, olú-ìlú Rwanda, ni wọ́n ti gbá àṣekágbá BAL, Pretoria ló gbà á ní 2025. Àwọn tó débẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún yẹn ni Zamalek àti Al Ahly ti Egypt, Monastir ti Tunisia, AS Douanes ti Senegal, Petro, àti ẹgbẹ́ méjì láti Libya. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó gbá a nílé. Nígbà tí Petro na Al Ahly Benghazi ti Libya ní 107 sí 94 ní 2024, àwọn ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti ìsàlẹ̀ Sàhárà tó gba ife náà. Orí tẹlifíṣọ̀n ni ọ̀pọ̀ ará Luanda ti wò ó. Ìlú yìí kan náà ló gbàlejò AfroBasket, ìdíje bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, ní oṣù kẹjọ 2025, níbi tí Angola ti gba ife ẹlẹ́ẹ̀kejìlá. A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará Rwanda tí wọ́n ń kún gbọ̀ngàn BK Arena lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àlejò ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún.

Àwọn kan á ní EuroLeague, líìgì àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù, náà ń gbá àṣekágbá lọ́jọ́ kan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní sáà 2024 sí 2025, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 34 kó tó kan ìpele ìkẹyìn, ìdajì ẹ̀ nílé. Ní BAL ọdún kan náà, mẹ́fà ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbá ní ìpele àkọ́kọ́, nínú ìlú kan ṣoṣo.

Owó ọkọ̀ òfurufú wọ́n, a mọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ní mẹ́ta, tí a ò ní méje. Kí ìpele tó kù wà ní ìlú kan bó ṣe wà, kí ẹgbẹ́ méjì péré máa rìn lẹ́yìn náà. Níbi tí ààbò bá ti mẹ́hẹ, bíi Tripoli, kí wọ́n lo ìlú tó súnmọ́ ọn jù, Tunis fún àpẹẹrẹ. Amadou Gallo Fall tó jẹ́ ààrẹ líìgì náà lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní sáà tó ń bọ̀.

Ó wá ku tiwa nílé. Ní 2024, Rivers Hoopers ṣe ipò kẹta, wọ́n sì fi akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Ogoh Odaudu, ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá tó dára jù lọ́dún náà. Kwara Falcons láti Ìlọrin ló ṣojú wa ní 2023. Tí ọ̀kan nínú wọn bá dé àṣekágbá lọ́la, tí BAL sì ní ká gbá a nílé, níbo la máa kó o sí? Ní oṣù keje 2019, BAL dárúkọ Èkó pẹ̀lú Cairo, Dakar, Luanda àti Rabat pé ibẹ̀ ni ìdíje náà máa wáyé. Cairo ti ṣe é, Dakar ti ṣe é, Rabat ti ṣe é. Títí 2025 fi parí, ẹsẹ̀ BAL ò tẹ Èkó. Senegal ṣí Dakar Arena tó gba èèyàn 15,000 ní 2018, Rwanda ṣí tirẹ̀ ní 2019. Gbọ̀ngàn Surulere tí wọ́n kọ́ fún ìdíje gbogbo Áfíríkà ti 1973 ni àwa ṣì ń tọ́ka sí, àìbójútó sì ti jẹ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó àti NBBF, àjọ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n Nàìjíríà, jáde wá sọ ọdún tí gbọ̀ngàn tó yẹ á wà, ibi tó máa wà, àti ẹni tó máa sanwó ẹ̀.