Ogun ló bí rọ́kẹ́ẹ̀tì? Ta ló rọbí?

Mo gbé fọ́tò Buzz Aldrin lórí òṣùpá síbí lánàá. (Púpọ̀ nínú yín ń pè é ní Armstrong. Armstrong ló di kámẹ́rà mú.) Ẹ̀gbọ́n kan wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ rí i, ogun náà ní oore tiẹ̀. Ogun ló bí rọ́kẹ́ẹ̀tì." Mo kí wọn, mi ò fèsì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà há mi lọ́fun mọ́jú.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ gbà pé ogun ló bí i. Ta ló rọbí?

Mo máa ń gba New Cross Road kọjá ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwa Yorùbá ti pọ̀ bí eéṣú. Ṣọ́ọ̀bù Woolworths kan wà ní títì yẹn nígbà ogun Hitler. Lọ́sàn-án Sátidé, ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá 1944, wọ́n ní ìkòkò ìdáná dé, ohun tó ti di ọ̀wọ́n gógó nígbà náà. Àwọn obìnrin tò síbẹ̀, ọmọ ń bẹ lọ́wọ́ àwọn mìíràn. Rọ́kẹ́ẹ̀tì V-2 kan, ohun ìjà àwọn Jámánì, já lé wọn lórí. Èèyàn 168 ló kú. Àmì ìrántí wọn wà lára ògiri níbẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó rí i, torí iye tí wọ́n ń ta iṣu ni ojú mi máa ń wá.

Ohun tó burú nínú V-2 ni pé ó ń sáré ju ariwo ara rẹ̀ lọ. Bí ọkọ̀ òfurufú bá ń bọ̀ wá ju bọ́ǹbù, èèyàn á gbọ́ ọ, fèrè á dún, kálukú á wá ibi sá sí. Ti V-2 kọ́. Ó ti balẹ̀, ó ti pa ẹni tó máa pa, kí ariwo bíbọ̀ rẹ̀ tó tẹ̀lé e. Bí o bá gbọ́ ọ, ìwọ kọ́ ló wá bá nìyẹn.

Wernher von Braun ló ṣáájú àwọn tó ṣe é, ní Peenemünde ní Jámánì. Nígbà tí bọ́ǹbù àwọn Gẹ̀ẹ́sì ba ibẹ̀ jẹ́ ní 1943, wọ́n kó iṣẹ́ náà wọ inú òkè kan lẹ́bàá Nordhausen, wọ́n sì kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n àgọ́ Dora tì í. Inú ihò yẹn náà ni wọ́n kọ́kọ́ ń sùn, nínú eruku, tí wọn ò fojú kan oòrùn. Nǹkan bí 60,000 ló gba àgọ́ náà àti àwọn ẹ̀ka rẹ̀ kọjá. Nǹkan bí 20,000 kò jáde láàyè. Àwọn tó kú sí àgọ́ tó ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì yìí pọ̀ ju àwọn tí rọ́kẹ́ẹ̀tì náà pa lọ.

Ogun parí, Amẹ́ríkà kó von Braun lọ sílé. Òun ló ṣáájú iṣẹ́ Saturn V, rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbé Aldrin àti Armstrong lọ sí òṣùpá ní 1969. Arthur Rudolph tó jẹ́ ọ̀gá iṣẹ́ nínú ihò yẹn di ọ̀gá ètò Saturn V. Ó di ọdún 1984 kó tó fi Amẹ́ríkà sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ Dora, nígbà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ti gbàmì ẹ̀yẹ. Ẹni tó ṣu ni í gbàgbé.

Ẹ̀gbọ́n mi, ogun rówó ná sí i, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n pé ogun ló bí i? Rárá o. Ní oṣù kẹta 1926, Robert Goddard, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, ta rọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tó ń lo epo olómi nínú oko ìbátan rẹ̀ kan ní Massachusetts. Kò sí ṣọ́jà níbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ló gbé kámẹ́rà dání. Rọ́kẹ́ẹ̀tì náà gòkè tó mítà 12, kò sì tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tó fi já bọ́. Kábéèjì nìkan ló fara gbá.