Oṣù mẹ́fà tí kò tíì pé kò ní kéèyàn má san owó orí lókè òkun

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká mi lára tipẹ́. Tẹ́nì kan bá ti ní òun fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ fóṣù mélòó kan nílẹ̀ ibòmíì, ìmọ̀ràn tí wọ́n kọ́kọ́ máa fún un ni pé kó ṣáà má jẹ́ kó pé oṣù mẹ́fà, pé tí kò bá ti pé ọjọ́ 183 kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè owó orí. Wọ́n á sọ ọ́ bíi pé òfin kan ṣoṣo ni gbogbo ayé ń lò. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o, irọ́ ni, àwọn tó sì gba irọ́ yìí gbọ́ ló máa ń rí lẹ́tà gbèsè gbà nígbà tí wọ́n ti ná owó tán, pẹ̀lú èlé àti owó ìtanràn lórí ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí nọ́ńbà yẹn fúnra ẹ̀. Ọdún kan jẹ́ ọjọ́ 365, ìdajì ẹ̀ jẹ́ 182 ààbọ̀, torí náà ẹni tó bá lo ọjọ́ 183 níbì kan ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún náà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ń fi mọ ẹni tí wọ́n máa kà sí olùgbé, torí pé lára olùgbé ni wọ́n ti sábà máa ń gba owó orí lórí gbogbo owó tó ń wọlé fún un, ibi yòówù kó ti wá. Àmọ́ ẹni tí kì í ṣe olùgbé náà máa ń san owó orí lórí owó tó bá ṣiṣẹ́ gbà níbẹ̀! Ibi tọ́rọ̀ ti dàrú gan-an nìyẹn. Ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ṣé olùgbé lèèyàn, àti pé níbo ló jókòó sí tó fi ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ sanwó fún un, àwọn èèyàn wá pa méjèèjì pọ̀ di ẹyọ kan.

Ibi tí 183 ti kan owó oṣù gangan ni àdéhùn owó orí, ìyẹn èyí tí orílẹ̀-èdè méjì máa ń jọ tọwọ́ bọ̀ kí wọ́n má bàa gba owó orí lẹ́ẹ̀mejì lórí owó kan náà. Àwòṣe tí OECD, ìyẹn àjọ táwọn orílẹ̀-èdè kan dá sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ajé, gbé jáde ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn àdéhùn yìí tẹ̀ lé, abala 15 nínú ẹ̀ ló sọ̀rọ̀ owó iṣẹ́. Ẹ fara balẹ̀ kà á o, torí ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó orí lórí ẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó wá yọ àwọn kan sílẹ̀, nǹkan mẹ́ta ló sì ní kó pé kó tó yọ èèyàn: kí ọjọ́ tó lò níbẹ̀ má ju 183 lọ, kó jẹ́ pé ọ̀gá tí kì í ṣe olùgbé ibẹ̀ ló ń sanwó fún un, kó má sì jẹ́ pé ẹ̀ka tí ọ̀gá yẹn ní síbẹ̀ ló ru owó náà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ pé. Tí ọ̀kan bá yẹ̀ pẹ́nrẹ́n, kò sí ìyọsílẹ̀ mọ́, owó orí sì bẹ̀rẹ̀ látọjọ́ àkọ́kọ́ tó wọṣẹ́, kì í ṣe látọjọ́ 184.

Ẹ wá wo nọ́ọ̀sì tí ilé ìwòsàn kan níbẹ̀ gbà síṣẹ́ fóṣù mẹ́ta. Ọjọ́ ẹ̀ ò tó 100, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ibẹ̀ ló ń sanwó fún un, ohun kejì ti yẹ̀ nìyẹn, wọ́n á yọ owó orí látinú owó oṣù àkọ́kọ́, kò sì sẹ́ni tó rẹ́ ẹ jẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tó lọ ká èso lóko fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tàbí ẹni tó lọ ṣiṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì nígbà tí èrò bá pọ̀. Tọ́gàá ibẹ̀ bá ti gbèèyàn síṣẹ́, ọjọ́ 183 inú àdéhùn yẹn ò kàn án rárá.

Èyí tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù ni ti ẹni tí ilé iṣẹ́ ẹ̀ rán lọ. Owó ń wọ àkáǹtì ẹ̀ nílé bíi ti tẹ́lẹ̀, ó wá gbà pé kò sóhun tó yí padà. Kò mọ̀ pé ilé iṣẹ́ ti kọ owó oṣù òun sínú ìwé ìṣirò ẹ̀ka tó wà lọ́hùn-ún, ẹ̀ka yẹn sì ti fi dín èrè tó yẹ kó san owó orí lé kù. Ìjọba ibẹ̀ ò ní jẹ́ kí wọ́n yọ owó náà lára èrè kó tún wá yọ̀ǹda ẹni tó gbà á, ìdí tí wọ́n fi fi ohun kẹta yẹn síbẹ̀ nìyẹn. Torí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ yín, kí ẹ tó wọ bàálù, pé ta ló máa ru owó oṣù mi? Ìbéèrè yẹn ṣe pàtàkì ju kíka ọjọ́ lọ.

Àwọn olórin àti eléré ìdárayá tiẹ̀ tún wà lọ́tọ̀, abala 17 ló mú tiwọn, ẹni tó bá kọrin lálẹ́ ọjọ́ kan péré, ilẹ̀ tó ti kọ ọ́ lè gba owó orí lórí owó tó gbà.

Gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí, ibi tí àdéhùn bá wà ni o. Kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ló bá ara wọn ṣe é, níbi tí kò bá sì sí, òfin ilẹ̀ yẹn nìkan lẹ máa bá pàdé. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí kì í ṣe olùgbé tó wá ṣiṣẹ́ fọ́gàá òkèèrè, òfin wọn yọ ọ́ sílẹ̀ tí ọjọ́ ẹ̀ ò bá ju 90 lọ lọ́dún, tí owó iṣẹ́ náà ò sì ju $3,000 lọ. Ẹ ò rí i pé kò sí 183 níbẹ̀ rárá.

Ká tiẹ̀ wá ní ti pé ọ̀rọ̀ olùgbé nìkan là ń sọ, bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ ò jọra. Amẹ́ríkà máa ń ka gbogbo ọjọ́ ọdún yìí, wọ́n á fi ìdá kan nínú mẹ́ta ọjọ́ èṣí kún un, wọ́n á tún fi ìdá kan nínú mẹ́fà ti ọdún tó ṣáájú èṣí sí i. Ẹni tó bá ń lo ọjọ́ 122 níbẹ̀ fọ́dún mẹ́ta tẹ̀ léra ti di 183 gééré lójú wọn, bẹ́ẹ̀ kò lo oṣù márùn-ún rí nínú ọdún kan! Ọ̀nà wà tó lè fi ṣàlàyé pé ibòmíì ni ilé òun wà, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ kọ fọ́ọ̀mù 8840 síjọba, dídákẹ́ lásán ò lè gbà á. Ní UK, òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní April 2013 máa ń wo ohun tó so èèyàn mọ́ ilẹ̀ náà, ẹbí, ilé, iṣẹ́ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó ti jẹ́ olùgbé ibẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tí okùn ẹ̀ ṣì pọ̀ níbẹ̀ lè padà di olùgbé pẹ̀lú ọjọ́ 16 péré. Ní Sípéènì, tí ọkọ tàbí aya èèyàn àti àwọn ọmọ ẹ̀ kéékèèké bá ń gbébẹ̀, wọ́n lè gbà pé òun náà ń gbébẹ̀, àfi tó bá fi ẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń ka ọjọ́ gan-an sábà máa ń kà á kù, torí ọjọ́ iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń kà. Lábẹ́ àwòṣe OECD yẹn, ọjọ́ téèyàn dé wà níbẹ̀, ọjọ́ tó lọ wà níbẹ̀, Sátidé àti Sọ́ńdè, ọjọ́ ìsinmi, títí kan ìsinmi tó lò níbẹ̀ lẹ́yìn tíṣẹ́ ti parí. Oṣù 12 èyíkéyìí tó tẹ̀ léra ni wọ́n sì ń wò, torí náà ẹni tó lo oṣù mẹ́rin ní ìparí ọdún kan, tó tún lo oṣù mẹ́rin ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kejì, tó rò pé òun ti pín in, kò pín nǹkan kan. Àwọn àdéhùn tó ti pẹ́ kan ṣì ń ka ọdún owó orí lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ka èyí tó kàn yín gan-an.

Ọ̀rọ̀ físà náà wà níbẹ̀, àwọn kan máa ń gbé òfin Schengen, ìyẹn àwọn ilẹ̀ Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan náà, tó ní kí àlejò má lò ju ọjọ́ 90 lọ nínú ọjọ́ 180, wá síbi tí wọ́n ti ń sọ owó orí. Òfin ìwọ̀lú nìyẹn, kò yọ ẹnikẹ́ni kúrò nínú owó orí, kò sì fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti ṣiṣẹ́.

Ẹ sì jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ má rò pé tí ibẹ̀ bá yọ̀ǹda yín owó ti di ọ̀fẹ́. Tí ilé bá ṣì kà yín sí olùgbé, ilé máa ń fẹ́ gba tiẹ̀ ni. Amẹ́ríkà tiẹ̀ ń bá àwọn ọmọ ilẹ̀ ẹ̀ lọ síbikíbi tí wọ́n bá ń gbé.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀ ni àwọn tí ìjọba jẹ lówó tí wọn ò mọ̀. Wọ́n ti gbà pé owó orí ò kan àwọn, wọn ò wá wo ìwé owó oṣù lẹ́ẹ̀kejì. Ní Jámánì, bíi pé èèyàn máa fi gbogbo ọdún gba irú owó yẹn ni wọ́n ṣe ń yọ owó orí lóṣooṣù, tó bá wá jẹ́ oṣù mẹ́rin péré lèèyàn ṣiṣẹ́, owó tí wọ́n yọ lè ti pọ̀ jù, ẹni tó jẹ́ olùgbé lábẹ́ òfin wọn sì ní ọdún mẹ́rin láti kọ̀wé béèrè ẹ̀. Ní UK, fọ́ọ̀mù P85 wà fún ẹni tó ń kúrò nílẹ̀ náà láti fi béèrè èyí tí wọ́n gbà lé. Torí náà ẹ tọ́jú ìwé owó oṣù, tíkẹ́ẹ̀tì bàálù àti àdéhùn iṣẹ́ yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti padà dé lẹ́nu ọdún méjì mẹ́ta yìí náà, ẹ lọ yẹ tiyín wò.