Ẹjọ́ Teves ti délé, ti COMELEC ńkọ́?

Láti ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún 2025 tí wọ́n ti dá Arnolfo Teves Jr. padà sí Manila láti Timor-Leste, ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ló gba ẹnu gbogbo ènìyàn. Ó dára bí wọ́n ṣe mú un wálé. Aṣojú-ṣòfin tẹ́lẹ̀ tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó lọ́wọ́ nínú ikú Roel Degamo, gómìnà ìpínlẹ̀ Negros Oriental, gbọ́dọ̀ dúró níwájú adájọ́ ní ilẹ̀ rẹ̀. Ó ní òun kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ilé ẹjọ́ ni yóò pinnu. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè ọ̀rọ̀ títí di òní, àwọn náà ni kọmíṣọ́nnà àjọ elétò ìdìbò Philippines, COMELEC.

Ẹ wo ìwé ìdìbò ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún 2022 ní ìpínlẹ̀ Negros Oriental. Roel Degamo wà níbẹ̀, gómìnà tó wà lórí àga. Ruel Degamo náà wà níbẹ̀. Grego Gaudia ni orúkọ tí ẹni tó ń jẹ́ Ruel yìí ń jẹ́ gan-an. Olùdìbò tó di bírò mú, tó fẹ́ kun àmì róbótó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ gómìnà rẹ̀, lẹ́tà kan ṣoṣo ni yóò fi mọ èwo ni èwo. Àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì ńkọ́? Ìbò 49,953 ló bọ́ sọ́wọ́ Gaudia. Degamo ní 281,773. Pryde Henry Teves, tí òun àti Arnolfo jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ní 301,319, òun sì ni wọ́n kéde.

COMELEC kò lè ní àwọn kò mọ̀. Láti oṣù kejìlá 2021 ni ẹ̀ka kan nínú àjọ náà ti dájọ́ pé ayédèrú olùdíje ni Gaudia, ẹni tó kàn fẹ́ fi orúkọ tó jọ ti ẹlòmíràn da olùdìbò lójú rú. Àpapọ̀ àwọn kọmíṣọ́nnà kò fọwọ́ sí i títí di oṣù kẹsàn-án 2022, nígbà tí wọ́n ti tẹ ìwé ìdìbò, tí wọ́n ti dìbò, tí wọ́n ti ka ìbò, tí ẹlòmíràn sì ti jókòó sórí àga. Kí ni wọ́n ń wá láti oṣù kejìlá tí wọn ò rí? Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Èyí tí wọ́n sọ fún wọn ní nǹkan bí oṣù márùn-ún ṣáájú ìdìbò, wọ́n jókòó tì í ni.

Degamo kì í ṣe ẹni mímọ́, a kò sì ní sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀ nítorí pé wọ́n pa á. Ọmọ Siaton ni, tó wà nínú ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ ní 2010. Gómìnà Emilio Macias tí wọ́n tún yàn lọ́dún náà kú kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Agustin Perdices tó rọ́pò rẹ̀ kú ní oṣù kìn-ín-ní 2011. Ni àga bá kan Degamo. Ọ̀rọ̀ owó ìrànwọ́ àjálù bá a fà á títí dé ọ́fíìsì Ombudsman, tó ń wádìí ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan àwọn aláṣẹ ìjọba. Síbẹ̀ àwọn ará Negros Oriental ń dìbò fún un. Ìbò wọn ni a ń jà fún.

Nígbà tí wọ́n tìtorí ìdájọ́ oṣù kẹsàn-án náà ro ìbò Gaudia mọ́ ti Degamo, ó di 331,726. Oṣù kẹwàá ló tó rí àga gbà. Oṣù kejì 2023 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó fòǹtẹ̀ lù ú. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn, ní àárọ̀ Sátidé ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, àwọn aláìní wà nílé rẹ̀ ní Pamplona, wọ́n ń retí ìrànwọ́, ni àwọn agbébọn tó wọ aṣọ bíi ti sójà bá ya wọlé. Wọ́n pa Degamo, wọ́n pa ènìyàn mẹ́sàn-án mìíràn mọ́ ọn.

A kò sọ pé COMELEC ló yìnbọn. A ń sọ pé àwọn ló fi ìpínlẹ̀ kan sílẹ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án láìsí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé gómìnà rẹ̀ rèé, nígbà tí ìjókòó ọjọ́ kan ṣáájú kí wọ́n tó tẹ ìwé ìdìbò ìbá ti parí ọ̀rọ̀. Ìwé ìròyìn yìí ti ń pariwo rẹ̀ láti ìgbà tí àwọn ará Ọ̀ṣun ti dúró láti oṣù kẹrin 2007 títí di oṣù kọkànlá 2010 kí ilé ẹjọ́ tó sọ fún wọn ẹni tó wọlé: ẹjọ́ lórí ẹni tó wọlé gbọ́dọ̀ parí kí ẹnikẹ́ni tó búra, ẹjọ́ lórí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti díje sì gbọ́dọ̀ parí kí wọ́n tó tẹ ìwé. Bí àpapọ̀ kọmíṣọ́nnà kò bá rí àyè jókòó títí di ọjọ́ títẹ̀, kí ìdájọ́ ẹ̀ka dúró, kí orúkọ ayédèrú jáde kúrò lórí ìwé. Ó ti sú wa láti máa gbọ́ pé ọ̀rọ̀ wà níwájú ìgbìmọ̀.

Ìdìbò gbogbogbòò ń bọ̀ ní 2028. Kí COMELEC kéde ọjọ́ tí gbogbo ẹjọ́ ayédèrú olùdíje gbọ́dọ̀ parí, kí ó kéde rẹ̀ nísinsìnyí, kí ó sì ṣàlàyé fún ìdílé àwọn mẹ́wàá tó kú ní Pamplona ìdí tí ti Gaudia fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.